Àṣíborí tí Orí Yóò Gbà

Àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ilé kíkọ́ gan-an ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí: ẹ̀yin mọlémọlé, ẹ̀yin tí ẹ ń di irin, ẹ̀yin tí ẹ ń kan pákó, ẹ̀yin tí ẹ ń fa wáyà iná, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ru omi àti iyanrìn, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ àṣíborí ni, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní kásìkì níbi iṣẹ́.

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè lórí rẹ̀ ni pé: èló ni? Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Àṣíborí kan wà tí owó rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ tí ẹni tó rà á kò lè dé e fún wákàtí kan kí ó tó bọ́ ọ kọ́ sórí ìṣó. Òmíràn wà tí ó fúyẹ́, tí ó sì rọrùn láti dé, ṣùgbọ́n tí bíríkì kan ṣoṣo yóò là á sí méjì. Èyí tí a ń wá ni èyí tí ó lè gba orí là, tí orí náà yóò sì gbà láti gbé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti yẹ̀, owó ti ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ń já bọ́. Nígbà tí àwọn baba wa ń fi amọ̀ mọ ilé ilẹ̀, ohun tí ó lè ti òkè wá bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò pọ̀. Lónìí, pètẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta àti alájà mẹ́rin ń yọ ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu. Òòlù tí ó wọn kílò 1, tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà ní mítà 10 sókè, yóò ti máa sáré tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan nígbà tí ó bá fi máa dé orí ẹni tó wà nílẹ̀. Eré alùpùpù láàárín ìlú nìyẹn. Alùpùpù tilẹ̀ máa ń fọn fèrè.

Báwo wá ni ìkarahun ike tín-ín-rín ṣe lè dojú kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé líle rẹ̀ ni. Líle nìkan kọ́. Ẹ yí àṣíborí kan sódì, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ọ̀já tí wọ́n gba orí ara wọn kọjá, tí a sì fi etí wọn há sí ibi mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lára ìkarahun. Àwọn elédè Faransé ń pe ìkarahun ní calotte, wọ́n sì ń pe àwọn ọ̀já inú ní coiffe. Nígbà tí ẹ bá dé e, ọ̀já ni ó ń kan orí yín, ìkarahun kì í kàn án, àlàfo sì wà láàárín méjèèjì. Inú àlàfo yẹn ni iṣẹ́ wà. Bí nǹkan bá já lu ìkarahun, ìkarahun á tan agbára rẹ̀ ká, ọ̀já á nà, á gba púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì dé agbárí àti ọrùn. Àwọn ìyá wa mọ ohun tó jọ ọ́ tipẹ́tipẹ́: òṣùká ni. Kò sí ẹni tí ń gbé ìkòkò omi lé orí lásán, nítorí ohun rírọ̀ tó wà láàárín ẹrù àti orí ni kì í jẹ́ kí ẹrù ó pa orí.

Òdiwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù tí a mọ àṣíborí òṣìṣẹ́ sí ni EN 397. Ó pàṣẹ pé kí àlàfo tí a ń wí yìí má ṣe dín sí mílímítà 25. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ki owó, sìgá tàbí aṣọ ìnujú sínú àṣíborí rẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ ohun tí ó fi owó rà. A rí àwọn tó tilẹ̀ ń fi fóònù síbẹ̀, kí òjò má baà pa á. Fóònù ò ní tutù lóòótọ́.

Ẹni tí a mọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí ni Edward W. Bullard, ará San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ń ta irinṣẹ́ fún àwọn awakùsà. Ọmọ náà lọ sí Ogun Àgbáyé Kìíní, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń dé akoto irin, nígbà tí ó sì padà dé, ó gbé àṣíborí òṣìṣẹ́ jáde ní 1919. Aṣọ líle tí a fi oruku omi gbígbóná rọ̀, tí a fi àtè lẹ̀, tí a sì fi ọ̀dà dúdú kùn ni ó fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ afárá Golden Gate ní ìlú kan náà ní 1933, wọ́n sọ ọ́ di dandan fún gbogbo òṣìṣẹ́ láti dé àṣíborí. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà tẹnu mọ́ ni pé wọ́n ta àwọ̀n ńlá sábẹ́ afárá náà pẹ̀lú. Àwọ̀n yẹn gba ènìyàn 19 tó já bọ́. Àwọn 11 ló kú lẹ́nu iṣẹ́ náà, 10 nínú wọn sì kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù kejì 1937, nígbà tí àgà pákó tí wọ́n dúró lé já, tí ó sì fa àwọ̀n ya. Àṣíborí wà lórí wọn.

Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwọn kan ń wo kásìkì bí ẹni pé àyẹta ni. Kì í ṣe àyẹta. Ẹ wo ìdánwò tí òdiwọ̀n EN 397 là sílẹ̀: wọ́n á ju irin tí ó wọn kílò 5 sórí àṣíborí láti mítà 1, ipá tí ó sì dé orí tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju iye kan lọ, wọ́n á tún ju irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ó wọn kílò 3 láti mítà 1, ẹnu rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan orí náà rárá. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Kílò 5 láti mítà 1 àti kílò 1 láti mítà 5, agbára kan náà ni. Òòlù kílò 1 wa tí ó já láti mítà 10 ti di ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fi dán an wò. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú àṣíborí, ẹ so òòlù mọ́ ìgbànú, ẹ kan pákó sí etí àgà tí ẹ dúró lé kí bíríkì má baà yọ̀ ṣubú, kí ẹ sì fi okùn dí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà kọjá nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dé àṣíborí yín.

Ó kù kí á lọ sọ́jà. Oríṣi mẹ́ta wà tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Èkíní ni àṣíborí alùpùpù. Ó dára lórí alùpùpù, kí ẹ má bọ́ ọ lójú títì o, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń mú ooru, ó sì ń bo etí débi pé bí wọ́n bá kígbe láti òkè pé kí ẹ yẹra, ẹ lè má gbọ́. Èkejì ni fìlà tí wọ́n fi ike sí nínú, tí a ń pè ní casquette anti-heurt, tí wọ́n kọ EN 812 sí. Iṣẹ́ ẹni tí ó lè fi orí gbá igi tàbí irin tó rẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Kò lè dá ohun tó ń já láti òkè dúró, wọn kò sì ṣe é fún un. Ó wuyì lójú, ó jọ fìlà àwọn eléré bọ́ọ̀lù, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò lórúkọ: ike aláwọ̀ mèremère tí kò ní àmì kankan nínú, tí okùn inú rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn bàtà. Orí tábìlì àwọn tó ń ta ohun ìṣeré ni ìyẹn yẹ.

Èyí tó kù, ẹ yí i padà, kí ẹ ka inú rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà. Àṣíborí tó pé òdiwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà òdiwọ̀n rẹ̀, ọdún àti ìdá mẹ́rin ọdún tí a ṣe é, irú tí ó jẹ́, àti ìwọ̀n orí tó bá a mu ní sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n máa ń kọ orúkọ ike tí wọ́n fi ṣe é pẹ̀lú, bí ABS tàbí PE. Ara ike gan-an ni ó yẹ kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí sí. Bí ó bá jẹ́ bébà tí a lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ni ẹ rí, ẹ fura. Ní ti ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ ó sábà rí òbìrí kékeré kan tí a kọ 1 títí dé 12 sí etí rẹ̀, tí ọfà kan sì ń tọ́ka sí oṣù, ọdún á sì wà láàárín. Àmì CE nìkan kò tó, nítorí kò sí ẹni tí kò lè tẹ lẹ́tà méjì sára ike.

Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, àwọn àmì mìíràn wà tí ó jẹ́ pé irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ni yóò sọ bóyá wọ́n kàn yín. LD ń sọ pé a ti dán ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì rẹ̀ wò pẹ̀lú títẹ̀. MM wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí irin yíyọ́. 440 V a.c. wà fún ẹni tí orí rẹ̀ lè ṣèèṣì kan wáyà iná, ẹni tí ń fa iná wọ ilé kò sì gbọdọ̀ ra èyí tó ní ihò lára, bí ó ti wù kí ooru mú tó. Fún iṣẹ́ iná gan-an, òdiwọ̀n EN 50365 ni kí ó máa wá. Ẹ tún lè rí −30 °C, tó túmọ̀ sí pé ike náà kò ní fọ́ nínú òtútù líle. Ẹ má san owó lé e nítorí ìyẹn ní Kétu. Àwọn àṣíborí tó ń ti òdìkejì ibodè wọlé máa ń gbé òdiwọ̀n Amẹ́ríkà, ANSI Z89.1. Ojúlówó ni òun náà: Type I ń dáàbò bo àtàrí, Type II ń fi ìhà orí kún un, lẹ́tà E ló lágbára jù fún iná, G tẹ̀ lé e, C kò sì dá iná dúró rárá.

Ibi tí àwọn tó ń kọ ìtọ́ni máa ń dákẹ́ sí ni ibi tí ọ̀rọ̀ wa gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ síbi iṣẹ́ èyíkéyìí ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Ẹ ka iye kásìkì tó wà lórí, kí ẹ sì ka iye tó wà lórí òkìtì iyanrìn, lórí ọ̀pá irin àti lábẹ́ igi. Àwọn tí kásìkì wọn wà lábẹ́ igi kì í ṣe aláìgbọràn lásán. Ó ń dùn wọ́n ni. Wọ́n á ní ó ń fún àwọn lórí, ó ń yọ̀ bọ́ sójú, òógùn ń ṣàn wọ ẹyinjú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ ni bíbọ́ àṣíborí kọ́ ni oògùn àṣíborí tí ń fún ni. Ẹ wá èyí tó bá orí yín mu.

Orí yàtọ̀ sí orí. Ẹ mú okùn ìwọ̀n tí télọ̀ fi ń wọn ara, ẹ yí i ká orí yín lókè ojú díẹ̀ àti lókè etí, kí ó gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Iye tí ẹ bá rí ni ẹ ó wò mọ́ èyí tí wọ́n kọ sínú àṣíborí. Bí orí yín bá wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀n náà, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀, ẹ wá òmíràn, nítorí ọ̀já tí a fà dé òpin kì í pẹ́ ṣí. Ní ẹ̀yìn, àwọn kan ní eyín tí a ń tẹ̀ bọnu ihò, àwọn mìíràn ní kókó tí a ń yí, molette. Mo fẹ́ràn kókó yíyí ju èkejì lọ, nítorí ọwọ́ tó kún fún sìmẹ́ńtì lè yí i láìbọ́ àṣíborí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún un tán, tí ẹ kò sì tíì de okùn àgbọ̀n, ẹ tẹrí ba bí ẹni fẹ́ kí ọba, kí ẹ sì mi orí sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá já bọ́, ó tóbi. Bí ó bá dúró, ẹ fi sílẹ̀ lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì máa bá a ná ọjà lọ. Bí ó bá fi àpá pupa tó jìn sí iwájú orí yín, ẹ dá a padà. Àwọn òǹtàjà kan kò ní fẹ́ èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ní Kétu, tí gbogbo ayé mọ̀ fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì. Orí ni ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gbé, igi sì ni. Ẹni tí yóò gbé e jó níwájú àwọn ìyá kì í jáde pẹ̀lú ère tó ń mì lórí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ máa ń mú un jókòó dáadáa, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ti ooru, ẹ ra funfun bí wọ́n bá fi àwọ̀ lọ̀ yín. Àwọ̀ dúdú àti búlúù tó ṣú ń gba oòrùn mọ́ra, funfun ń dá a padà. Ihò lára dára fún ẹni tí kì í fọwọ́ kan iná. Ọ̀já tí a fi aṣọ hun máa ń rọ̀ ju èyí tí a fi ike ṣe lọ, aṣọ kékeré tó wà níwájú orí láti gba òógùn sì gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fọ̀. Ẹ ra méjì nínú rẹ̀, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí èkejì wà lórí. Àpapọ̀ gbogbo àṣíborí sábà máa ń wọn láàárín gíráàmù 300 sí 450. Ìyàtọ̀ gíráàmù 100 kò jọ nǹkan lórí tábìlì òǹtàjà, ṣùgbọ́n ọrùn yóò mọ̀ ọ́n kí iṣẹ́ tó parí.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kásìkì kò sí fún irun yín. Irun tí a kó jọ sí àtàrí, bíi ṣùkú, ni kò bá a ṣe, nítorí ó ń gbé àṣíborí sókè, ó sì ń jẹ àlàfo tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Irun tí a dì sẹ́yìn, tí ó sùn mọ́ orí, tí ìdí rẹ̀ sì wà lábẹ́ ọ̀já ìpàkọ́, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kò ní kókó lè wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀sìn tàbí àṣà rẹ̀ ní kí ó borí, bí ẹ bá ti tún ọ̀já náà wọ̀n lórí aṣọ. Gèlè àti fìlà onípọn kò bá a lọ.

Okùn abẹ́ àgbọ̀n, jugulaire, ni àwọn ènìyàn máa ń gé sọnù jù. Òun náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lábẹ́ EN 397, ibi tí okùn yìí ti so mọ́ ìkarahun gbọ́dọ̀ já fúnra rẹ̀ bí a bá fi agbára tó tó ẹrù kílò 15 sí 25 fà á, kí àṣíborí tó bá kọ́ mọ́ irin má baà fún ẹni tó dé e lọ́rùn. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè, tí òun fúnra rẹ̀ lè já bọ́, ń fẹ́ àṣíborí tí kò ní kúrò lórí kí orí tó kan ilẹ̀. Òdiwọ̀n EN 12492, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń gun òkè àpáta, ń béèrè okùn tó lè dúró dé bíi kílò 50. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ má sọ pé kásìkì ni ẹ fẹ́ nìkan.

Àwọn wo ni kì í ní àṣíborí rárá? Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀gá ní. Ẹni tó ń yàwòrán ilé, tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní, tirẹ̀ sì máa ń mọ́ ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Àwọn ìyá tó ń fi orí ru omi, iyanrìn àti kọnkéré kò ní, wọ́n sì máa ń dáhùn fún wọn pé ìkọjá ni wọ́n ń kọjá. Ẹ jókòó ní òwúrọ̀ kan, kí ẹ ka iye ìgbà tí ìyá kan ṣoṣo gba abẹ́ àgà pákó kọjá. Ẹni tó wà lókè kò sí lábẹ́ ohun tó ń já. Ìyá yìí ni ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó ṣòro díẹ̀ nítòótọ́, nítorí òṣùká àti àṣíborí ń du àyè kan náà. A kò ṣe ọ̀já inú àṣíborí láti máa gbé ẹrù láti àárọ̀ dé alẹ́. Yóò nà, àlàfo yóò sì tán, bẹ́ẹ̀ ni agbada kọnkéré yóò máa yọ̀ lórí ike. Lójú tèmi, ẹrù ni ó yẹ kí ó kúrò lórí. Bùrúẹ̀tì wà, okùn àti kẹ̀kẹ́ tí a fi ń fa garawa sókè wà. Níbi tí agbára kò bá tíì ká wọn, kí ọ̀gá la ọ̀nà ẹlẹ́rù gba ibòmíràn tí kò sí lábẹ́ iṣẹ́, kí ó sì dá iṣẹ́ òkè dúró nígbà tí wọ́n bá ń gbé kọnkéré wá sí ìdí ògiri. Lẹ́yìn tí ìyá bá sọ ẹrù kalẹ̀, tí ó ń po iyanrìn pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, kò sí ìdí tí orí rẹ̀ fi gbọdọ̀ wà ní òfìfo.

Owó ta ni? Òfin ti dáhùn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1998, gbé ìdáàbòbò ẹ̀mí àti ìlera òṣìṣẹ́ lé agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀ Tógò ní òfin iṣẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n tún ṣe ní 2021. Àdéhùn 167 tí Àjọ Àgbáyé fún Iṣẹ́ ṣe ní 1988 fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ sọ ọ́ pàtó pé agbanisíṣẹ́ ni kí ó pèsè ohun ìdáàbòbò, kí òṣìṣẹ́ má sì san nǹkan kan lé e. Mo mọ̀ pé ìwé òfin jìnnà sí orí iṣẹ́ tí ọ̀gá kan àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin òbí ti wọlé. Ní ọjọ́ tí ẹ bá mú ọmọ lọ fún ọ̀gá, tí ẹ gbé ọtí àti owó ìwọṣẹ́ dání, ẹ béèrè lójú gbogbo ẹbí pé kásìkì ọmọ yìí ń kọ́, ta ni yóò rà á, nígbà wo? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. A mọ bí a ṣe ń náwó ní ọjọ́ tí ọmọ bá gba òmìnira, tí a ń ra aṣọ ẹgbẹ́, tí a ń pe onílù. Iye aṣọ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ náà lè ra àṣíborí, kí ọmọ sì dé e ní gbogbo ọdún tí ó fi kọ́ṣẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi bẹntiróòlù tàbí omi tí a fi ń po ọ̀dà nù ún, nítorí ó ń jẹ ike láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ má fi ọ̀dà kọ orúkọ sí i lára, ẹ má lu ihò sí i láti gba afẹ́fẹ́, ẹ má sì fi bu omi tàbí kó ìṣó. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí irin tàbí lẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀. Ike tó ti gbó á ṣá, á máa yọ eruku funfun bí ẹfun, bí ẹ bá sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìhà rẹ̀ wọlé, yóò dún bí ewé gbígbẹ. Ẹni tó ṣe é máa ń kọ ọdún tí ó yẹ kí a lò ó sínú ìwé tó bá a wá. Púpọ̀ nínú wọn kì í jìnnà sí ọdún 5 fún ìkarahun, ọ̀já inú sì máa ń tètè gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun sì ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀. Àṣíborí tí nǹkan líle bá ti já lù lẹ́ẹ̀kan ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kódà bí ẹ kò bá rí ibi tó là.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pa á tì, ẹ má gbé e fún ọmọ iṣẹ́ kékeré, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn ní odidi, nítorí ẹlòmíràn yóò ṣà á, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì dé e lọ sábẹ́ pètẹ́ẹ̀sì. Ẹ gé ọ̀já inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ayùn la ìkarahun náà sí méjì.